Pèrègún: Gbígbìn Rẹ̀ fún Ààlà Oko àti Títọ́jú Rẹ̀ Nínú Ìkòkò

Kò sí àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ pèrègún. Òun ni àwọn baba wa fi pa ààlà láàárín oko kan àti èkejì. Òun ni ó dúró yí ojúbọ ká. Òun náà ni a sì máa ń bá ní ẹ̀yìnkùlé àtijọ́, níbi tí ilé ti wó tán tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé mọ́. Nítorí pé ó wà níbi gbogbo, tí a kì í jẹ ẹ́, tí igi rẹ̀ kò sì wúlò fún iná dídá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á kún ohun ọ̀gbìn rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn yóò rí i pé àwọn tí ń ta òdòdó ti gbé pèrègún sínú ìkòkò, wọ́n sì ń tà á fún àwọn onílé àti àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ ewé tútù nínú yàrá.

Bí àgbẹ̀ bá gbọ́ irú ìròyìn báyìí, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn ni láti mú àdá kí ó sì gba ààlà oko rẹ̀ lọ. Ohun kìn-ín-ní tí ìwé yìí ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ yóò hàn síi níwájú. Ọ̀nà wà láti gbin pèrègún fún títà, ọ̀nà sì wà láti gbìn ín fún ààlà, ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò jẹ gbèsè lórí èyí tí ó níye lórí jù.

Irú igi tí pèrègún jẹ́

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn ń pè é ni Dracaena fragrans. Linnaeus, ará ilẹ̀ Sweden, ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 1762, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé mìíràn ni ó fi í sí nígbà náà. Ìtumọ̀ fragrans ni pé ó ní òórùn dídùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ìdí pèrègún tí ó tanná kọjá ní alẹ́ yóò jẹ́rìí sí i: òdòdó rẹ̀ funfun, àṣálẹ́ ni ó máa ń là, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo àgbàlá kan.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni pèrègún ti ṣẹ̀, láti ìhà ìwọ̀-oòrùn tiwa níhìn-ín títí dé ìlà-oòrùn. Àwọn ẹ̀yà Chagga tí ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro ní Tanzania ń fi í pa ààlà gẹ́gẹ́ bí àwa náà, ẹni tí ó bá sì ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀ lè mú ewé rẹ̀ lọ fi tọrọ àforíjì. Ní ilẹ̀ Brazil, àwọn tí baba ńlá wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ ṣì ń pè é ní peregum nínú ilé òrìṣà wọn. Àwọn ará ìlú yòókù níbẹ̀ ń pè é ní pau-d'água, èyí tí ó túmọ̀ sí igi omi. Orúkọ náà bá a mu, nítorí bí a bá gbé ọ̀pá rẹ̀ tí a gé sínú àwo omi lásán, yóò rúwé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi àgbàdo pè é, nítorí pé ewé rẹ̀ jọ ewé àgbàdo. Costa Rica, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí igi yìí kò ti ṣẹ̀ rárá, wà lára àwọn tí ń kó ọ̀pá rẹ̀ ránṣẹ́ jù lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun àgbẹ̀ tí ó ń ṣán an dànù lọ́dọọdún.

Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ó wà ní ààlà oko wa ni aláwọ̀ ewé ní gbogbo ara. Òmíràn ní ìlà ìyeyè láàárín ewé, òmíràn sì ní ìyeyè ní etí ewé. Àwọn méjèèjì yìí ni àwọn ará ìlú ńlá fẹ́ràn jù. Pèrègún pupa kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Igi ilẹ̀ òkèèrè ni, a kàn fún un ní orúkọ yìí nítorí ìrísí rẹ̀ ni. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ènìyàn ń rà lówó gọbọi lórúkọ ọparun àwọn ará Ṣáínà, mọ̀lẹ́bí pèrègún gan-an ni, apá Kamẹrúùnù ni ó sì ti wá.

Pèrègún ààlà

Ìdí tí àwọn baba wa fi yan igi yìí kò fara sin. Ó ń hù láti ara ọ̀pá lásán, ẹ̀ẹ̀rùn kì í tètè pa á, bí a bá gé e lulẹ̀ a tún rúwé láti ara kùkùté, kì í sì í rìn kúrò ní ibi tí a gbé gbìn ín sí bí àwọn koríko tí ń ta gbòǹgbò kiri. Ewé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti igbó tí ó yí i ká débi pé ojú àlejò pàápàá lè tẹ̀lé e láti igun oko kan dé ìkejì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó ti dé ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà, títí kan ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ni àwọn ẹlẹ́rìí ti tọ́ka sí pèrègún gẹ́gẹ́ bí àmì ààlà.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí bàbá yín àti bàbá aládùúgbò yín bá jùmọ̀ ri pèrègún 12 mọ́lẹ̀, tí ẹ̀yin wá gé 5 nínú wọn tà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rí tiyín ni ẹ fi ọwọ́ ara yín gé. Aládùúgbò yóò ní ẹ fẹ́ jẹ ilẹ̀ òun ni. Kò sì sí bí ẹ ó ṣe fi hàn pé owó díẹ̀ lásán ni ẹ ń wá. Òótọ́ ni pé kùkùté náà yóò tún rúwé, ṣùgbọ́n kí ó tó ga tó ti àtẹ̀yìnwá, ọ̀rọ̀ ti lè di ti ọlọ́pàá. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò yìí kọ́kọ́ fi í ṣe òfin láàárín ara wọn pé ẹgbẹ́ kò ní gba ọ̀pá kankan tí a gé láti ara ààlà.

Bí ààlà bá ti ń parẹ́, tí ẹ sì fẹ́ tún un ṣe, ẹ pe aládùúgbò yín. Kí àgbà kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ náà sì wà níbẹ̀, nítorí àwọn ni yóò jẹ́rìí nígbà tí àwọn àgbà kò bá sí mọ́. Ẹ ta okùn láti pèrègún àtijọ́ kan dé òmíràn kí ìlà má baà wọ́. Ọ̀pá tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5, tí ó sì ti gbó, ni ó dára fún èyí. Ẹ ri ẹsẹ̀ bàtà 1 rẹ̀ sínú ilẹ̀, kí ẹ sì tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí dáadáa. Láti ọ̀pá kan dé èkejì lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15. Ní igun oko, ẹ gbin 3 sún mọ́ ara wọn, kí ó hàn gbangba pé ibẹ̀ ni ààlà ti yà. Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láti ìparí oṣù kẹrin lọ, ni kí ẹ ṣe é. Bí ọ̀kan bá kú, inú ihò kan náà ni kí ẹ fi òmíràn sí, kí aládùúgbò sì mọ̀.

A kò ní tàn yín: pèrègún nìkan kò tó mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lórí ilẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ní láti ní àwòrán ilẹ̀ tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ìjọba fún ní àṣẹ yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá dé oko, ìdí pèrègún náà ni ẹ ó mú un lọ.

Ọgbà ìyá igi, àti bí a ṣe ń gé ọ̀pá

Fún títà, ẹ wá ilẹ̀ kékeré kan tí omi kì í dúró sí. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 ní gígùn àti 30 ní ìbú tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sí àárín igi kan àti èkejì, yóò gba igi 100. Ọ̀pá àkọ́kọ́ lè wá láti ẹ̀yìnkùlé tí a kò lò mọ́, bí àwọn tí ó ni ín bá fọwọ́ sí i. Ti ojúbọ, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ àwọn tí ń bọ ibẹ̀. Bí ẹ bá rí oríṣi tí ó ní ìlà ìyeyè rà, òun ni kí ẹ fi ìdajì ilẹ̀ náà gbìn, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé inú ọ̀pá nìkan ni ìlà yìí ti ń wá. Ọmọ tí a bá gbìn láti inú èso rẹ̀ kì í gbé ìlà náà. Bí ẹ̀ka kan tí ó jẹ́ aláwọ̀ ewé látòkè délẹ̀ bá sì yọ lára rẹ̀, ẹ gé e kúrò kíákíá, nítorí agbára rẹ̀ yóò ju ti ẹ̀ka yòókù lọ, yóò sì bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ara ọ̀pá pèrègún fínnífínní. Ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí i ká bí òrùka. Ibi tí ewé ti já ni. Lókè ìlà kọ̀ọ̀kan ni ojú kan sùn sí. Níwọ̀n ìgbà tí orí igi bá wà níbẹ̀, oje kan a máa ti orí sọ̀ kalẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àwọn ojú wọ̀nyí jí. Bí a bá gé orí kúrò, ojú 2 tàbí 3 tí ó sún mọ́ ibi tí a gé yóò là, wọn yóò sì di ẹ̀ka. Ìdí nìyí tí pèrègún tí ẹnikẹ́ni kò gé rí fi máa ń ga lọ ní ọ̀pá kan ṣoṣo. Oje kan náà yìí ni ó ń kó jọ sí ìdí ọ̀pá tí a gé, òun ni ó sì ń mú kí gbòǹgbò yọ níbẹ̀. Ọ̀pá tí a bá dojú rẹ̀ kodò yóò pẹ́ kí ó tó hù, bí ó bá tilẹ̀ hù.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó bá gé ọ̀pá 200 ní òwúrọ̀, tí ó sì tò wọ́n jọ, kì í mọ orí yàtọ̀ sí ìdí mọ́ nígbà tí ó bá di ọ̀sán. Nítorí náà, bí ẹ ti ń gé, ẹ gé ìdí ní ìdàgẹ̀rẹ́, kí ẹ sì gé orí ní títẹ́jú. Ọmọdé pàápàá kò ní ṣì í. Ayùn dára ju àdá lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí àdá a máa fọ́ ara igi, ojú egbò tí ó fọ́ ni ìjẹrà sì ń gbà wọlé. Ẹ kán àbẹ́là díẹ̀ sí ojú orí kí omi inú igi má baà gbẹ, kí ẹ sì fi ọ̀pá náà sí abẹ́ òjìji fún ọjọ́ 1 tàbí 2 kí ìdí rẹ̀ lè gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín.

Gígùn rẹ̀ kù sí ọwọ́ olùrà. Íńṣì 6 sí 8 tó fún ìkòkò kékeré. Àwọn tí ń tà á fún ilé ńlá máa ń to ọ̀pá 3 tí gígùn wọn yàtọ̀ síra sínú ìkòkò kan, ẹsẹ̀ bàtà 1, 2 àti 3, kí ewé lè wà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Orí tí a gé kúrò pẹ̀lú ewé rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ gé àwọn ewé rẹ̀ dé ìdajì, kí ẹ sì gbin òun náà.

Ẹ po ilẹ̀dú ìwọ̀n 2, iyanrìn odò ìwọ̀n 1 àti ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà tán ìwọ̀n 1 pọ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù yóò jó gbòǹgbò. Ẹ má lò ó. Ẹ rọ ilẹ̀ náà sínú ọ̀rá dúdú tí a ti lu nísàlẹ̀, kí ẹ ri ìdí ọ̀pá sí i ní íńṣì 2 tàbí 3, kí ẹ sì tò wọ́n sí abẹ́ àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Ìgbà yìí ni sùúrù ń tán lọ́wọ́ àwọn ènìyàn jù. Ewé lè yọ kí gbòǹgbò tó yọ, nítorí oúnjẹ tí ó ti wà nínú ọ̀pá tẹ́lẹ̀ ni ó ń jẹ. Ẹni tí ó bá rí ewé tí ó sì rò pé igi ti mú, tí ó wá fà á tu láti wò ó, tàbí tí ó gbé e lọ sọ́jà, ti bà á jẹ́. Gbòǹgbò ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ìgbà tí ẹ bá rí i tí ó ń yọ láti inú ihò ìsàlẹ̀ ọ̀rá ni kí ẹ tó sọ pé ó ti mú, ó sì tún yẹ kí ẹ fún un láàyè oṣù bíi mélòó kan síi kí ewé rẹ̀ lè kún.

Títọ́jú rẹ̀ nínú ilé

Àwọn tí yóò rà á lọ́wọ́ yín yóò bi yín bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Olùrà tí pèrègún rẹ̀ bá kú kì í padà wá.

Omi ni ó ń pa pèrègún inú ìkòkò ju ohunkóhun lọ, kì í ṣe òùngbẹ. Gbòǹgbò ń mí. Inú àwọn àlàfo kéékèèké tí ó wà láàárín ilẹ̀ ni ó ti ń rí atẹ́gùn. Bí a bá ń da omi sí i lójoojúmọ́, omi yóò kún gbogbo àlàfo náà, gbòǹgbò yóò jẹrà, ewé yóò sì rọ. Onílé tí ó bá rí ewé tí ó rọ yóò rò pé òùngbẹ ni, yóò sì tún bu omi sí i. Ẹ kọ́ ọ pé kí ó ti ìka bọ inú ilẹ̀ tó íńṣì 2. Bí ìka bá kan ọ̀rinrin, kí ó fi í sílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, kí ó da omi sí i títí yóò fi máa ro jáde nísàlẹ̀, kí ó sì da èyí tí ó bá ro sínú àwo nù. Ìkòkò tí kò ní ihò nísàlẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, pósí ni fún igi yìí.

Ẹ̀bá fèrèsé tí ó mọ́lẹ̀, tí oòrùn ọ̀sán kò sì pa á tààrà, ni ó fẹ́. Kì í kú nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dàgbà níbẹ̀, èyí tí ó ní ìlà ìyeyè yóò sì máa pàdánù ìlà rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé èyí tí ó dàgbà lábẹ́ àtíbàbà bọ́ sí oòrùn lójijì, ewé rẹ̀ yóò jó. Kí wọ́n máa fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé, pàápàá nígbà ọyẹ́. Òtútù ilẹ̀ òkèèrè kò bá a lára mu: bí ooru yàrá bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ewé rẹ̀ yóò bà jẹ́.

Bí ṣónṣó ewé bá ń gbẹ tí ó sì ń di pupa rúsúrúsú, ó lè jẹ́ ọyẹ́, ó sì lè jẹ́ iyọ̀ inú omi tàbí ti ajílẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Pèrègún kò fẹ́ èròjà kan tí a ń pè ní fúlóráìdì, èyí tí ó máa ń wà nínú ajílẹ̀ súpáfọ́sífeètì. Ajílẹ̀ yìí dára fún àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn. Ẹ má fi sí ìkòkò pèrègún. Omi òjò ni ó dára jù fún un.

Àwọn kòkòrò tí ń yọ ọ́ lẹ́nu kò pọ̀. Àwọn kan funfun bí òwú, wọ́n máa ń sá pamọ́ sí ìdí ewé. Àwọn mìíràn pẹlẹbẹ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara igi bí èèpá. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi ọṣẹ nù wọ́n kúrò, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, kí ẹ sì ya igi náà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Kò sí ìdí láti ra oògùn olóró fún èyí.

Ohun méjì tún kù tí ó yẹ kí ẹ sọ fún olùrà láìfi bò. Ajá tàbí ológbò tí ó bá jẹ ewé pèrègún lè máa bì, nítorí náà kí ó gbé e síbi tí ẹnu wọn kò tó. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹtajà ń sọ pé igi yìí ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ní 1989 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí tí a sé pa ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn tí ó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2019 rí i pé nínú yàrá gidi, atẹ́gùn tí ń gba fèrèsé wọlé ń ṣe iṣẹ́ náà ju igi lọ fíìfíì. Kí ẹ tà á nítorí ẹwà rẹ̀ àti nítorí agídí rẹ̀. Ìyẹn tó.

Títà

A kò ní kí ẹnikẹ́ni hú ẹ̀gẹ́ tàbí pa kòkó rẹ̀ tì nítorí pèrègún. Ìkòkò tí ìlú kan lè rà lọ́dún ní ìwọ̀n, ẹgbẹ́ tí ó bá sì gbin 5,000 kí ó tó wá olùrà kiri yóò fi ewé bo àgbàlá lásán. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí ń ta òdòdó ní ìlú tí ó sún mọ́ yín, kí ó béèrè iye tí wọn yóò gbà, gígùn tí wọ́n fẹ́ àti oríṣi tí wọ́n fẹ́. Ọ̀pá tí kò ní ìkòkò rọrùn láti kó nínú ọkọ̀ ju igi tí ó ti rúwé lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ro ti ilẹ̀ òkèèrè ní láti gba ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń mójú tó o, NAQS, ilẹ̀ tí ó bá sì lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò lè mú kí wọ́n dá gbogbo ẹrù padà.

Kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a ó máa kọ ọjọ́ gígé, iye ọ̀pá, ọgbà ẹni tí ó ti wá àti iye tí ó hù sí. Ẹni tí ó bá ní ìṣòro lórí ilẹ̀ tàbí lórí kòkòrò, kí ó já ewé 1 tàbí 2 tí ó ń ṣàìsàn, kí ó fi bébà wé e, kí ó sì mú un lọ bá òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀.